Ẹnu màmá wa wọ́, ó sì padà: ṣé kí a ṣì lọ sí ilé ìwòsàn?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀wọ́, bí màmá wa ṣe ń mu ẹ̀kọ ní àárọ̀ yìí, ife bọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún wọn, ẹnu wọn wọ́, ahọ́n wọn sì wúwo, ṣùgbọ́n kí ogún ìṣẹ́jú tó pé, gbogbo rẹ̀ ti lọ. Wọ́n ní àárẹ̀ lásán ni. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n fún wọn ní asipirín.

Èsì láti ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì kan: Ẹ má jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá yín nílé. Ó ṣeé ṣe kí ẹ̀jẹ̀ dídì ti dí iṣan ọpọlọ wọn fúngbà díẹ̀, rọpárọsẹ̀ gan-an sì lè tẹ̀ lé e láàárín ọjọ́ méjì. Ẹ fi asipirín sílẹ̀, nítorí bí a kò bá tíì ya àwòrán ọpọlọ, a kò lè mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ ló ń dà níbẹ̀. Bí ó bá tún ṣẹlẹ̀, ẹ wo aago kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, nítorí oògùn tí ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì kì í sábà ṣeé lò mọ́ lẹ́yìn wákàtí 4 àti ààbọ̀, kí ẹ sì pe 112. Ẹ má rọ epo pupa sí wọn lẹ́nu o!

Èsì kejì: Ẹnu bàbá tèmi kò wọ́ rárá. Àyà ló ń fún wọn bí ẹni pé a gbé odó lé e, òógùn tútù bò wọ́n, ìrora sì gba apá òsì dé àgbọ̀n. A pè é ní ọgbẹ́ inú, a sì fi wákàtí mẹ́ta wá àgbo kiri, a kò mọ̀ pé ọkàn wọn ló ń kú lọ.

Olùbéèrè: A ti dé ilé ìwòsàn. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ màmá wa jẹ́ 190 lórí 110. Wọ́n ti pa oògùn ìfúnpá wọn tì láti oṣù tó kọjá.