Ẹ̀rọ orin kékeré wo ni kí n rà?

Ọmọ Lágere: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo máa ń sáré láàárọ̀ láti Lágere dé géètì OAU. Fóònù mi ń gbá mi nítan bí ọmọ odó. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ìyá Ìbejì: Àbúrò, má ra iPod àlòkù o. Apple ti ṣíwọ́ ṣíṣe é láti 2022, bátìrì rẹ̀ á ti gbó.

Bọ̀dá Mọ́dákẹ́kẹ́: Èyí tó ní ìkọ́ tí wàá fi há ṣòkòtò ni kó o wá, bọ́tìnì gidi ni kó ní. Ìka tó làágùn kì í tẹ ojú dígí dáadáa. Àyè ìpamọ́ 4GB á gba orin oníṣẹ́jú mẹ́rin bí 1,000.

Ọmọ Lágere: Ẹ ṣé, sà. Jùjú ni mo ń gbọ́ o, ọ̀kan lè gba 20 ìṣẹ́jú!

Bọ̀dá Mọ́dákẹ́kẹ́: Háà! Ó di bíi 200 nìyẹn.