Báwo lẹ ṣe mọ irú ilé tó wù yín gan-an? Ẹ gbà mí o

Ìyá Ìbejì Akobo:
Ẹ kú ilé o gbogbo ẹ̀yin ará, ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọ ilé tuntun ní Akobo n'Ìbàdàn, yàrá mẹ́ta àti pálọ̀, lándílọ́ọ̀dù ti ní ká kùn ún bó ṣe wù wá, iwájú ilé sì ní ilẹ̀ díẹ̀ tí wọn ò da kọnkéré sí. Wàhálà mi ni pé gbogbo nǹkan ló ń wù mí. Tí n bá rí pálọ̀ tó funfun báláú lórí Instagram, àga kan, òdòdó kan, ó parí, màá ní èyí gan-an ni. Tó bá fi máa dalẹ́ màá tún ti rí ìkan tó kún fún aṣọ òkè àti ère gbígbẹ́, màá ní rárá o, èyí ni. Fóònù mi ti kún fún fọ́tò, mi ò sì tíì ra nǹkankan. Bàbá Ìbejì ní tiẹ̀, àga lẹ́dà ńlá tí wọ́n fi gòolù yí etí ẹ̀ ká ló fẹ́, irú èyí tó wà nílé ọ̀gá ẹ̀. Àwọn ìbejì ń lọ sí ọdún mẹ́ta, ẹ ṣáà mọ nǹkan tí wọ́n máa fojú ògiri rí. Báwo lèèyàn ṣe ń mọ èyí tó jẹ́ tiẹ̀, tí kò ní jẹ́ pé mo kàn ń ṣe àwòkọ ilé onílé? Àti iwájú ilé yẹn, ṣé kí wọ́n kàn tẹ́ ìntalọ́kì sí i ni?

Ọmọ Ìtòkú:
Ẹ kú oríire ilé tuntun Ìyá Ìbejì, ilé á tura o. Ẹ gbé fóònù yẹn sílẹ̀ ná jàre, ẹ lọ ṣí ibi tẹ́ ẹ ń kó aṣọ sí. Èmi ò sọ ti òde o, àwọn tẹ́ ẹ kàn ń mú wọ̀ láìronú ni mò ń sọ, àwọn tó ti fẹ́ẹ̀ gbó tẹ́ ò sì lè sọ nù. Kọ́lọ̀ wo ló pọ̀ jù níbẹ̀? Àdìrẹ ni mò ń tà l'Ábẹ́òkúta, ojú mi ti rí nǹkan lọ́dọ̀ àwọn kọ́sítọ́mà, obìnrin á wọ búlúù àti brown láti January dé December, tó bá di ọ̀rọ̀ pálọ̀ á lọ ra pọ́pù torí wọ́n ní òun ló wà lóde báyìí, kò ní pẹ́ tá máa pè mí pé ara òun ò balẹ̀ nínú ilé òun.

Tó bá wá jẹ́ pé àdìrẹ wù yín, ẹ má rà á ní gbogbo bátànì. Ẹ mú ẹyọ kan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà n'Ìbàdàn, Ìbàdàndùn wà ńlẹ̀ fún yín, èyí tí wọ́n ya àwọn òpó gbọ̀ngàn Mápó sí, àdìrẹ ẹlẹ́kọ gidi, tí wọ́n fi ìyẹ́ adìẹ ya ẹ̀kọ sára ẹ̀ kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró. Ẹ fi rán tìmùtìmù bíi méjì, tàbí kẹ́ ẹ ta á sínú férémù kẹ́ ẹ gbé e kọ́ ara ògiri tí nǹkankan ò sí, ó ti tó. Tẹ́ ẹ bá to bátànì márùn-ún pọ̀ síbì kan, àlejò ò ní mọ èyí tó yẹ kóun wò.

Àdùnní Peckham:
Aunty Ìtòkú òótọ́ lẹ sọ ṣùgbọ́n mi ò rò pé aṣọ nìkan lè dá a. Ìyá Ìbejì, kín lẹ máa ń ṣe nínú pálọ̀ yẹn gangan? Àwọn kan ń gba àlejò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, àwọn kan ń ṣe àdúrà níbẹ̀, àwọn kan ò jẹ́ jókòó sórí àga, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni wọ́n máa ń ná ẹsẹ̀ sí pẹ̀lú àwọn ọmọ. Tó bá jẹ́ ilẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ máa ń wà, owó àga ńlá yẹn ẹ fi ra rọ́ọ̀gì tó dáa, kẹ́ ẹ wá fi àpótí ìjókòó kéékèèké yí i ká.

Ibi tí mò ń gbé n'Ílùú Ọba, lándílọ́ọ̀dù ò fẹ́ rí ìṣó kan ṣoṣo lára ògiri, ògiri sì funfun látòkè délẹ̀, torí náà gbogbo nǹkan tó ń sọ pé èmi ni mo ni ilé yìí, nǹkan téèyàn lè gbé ni. Aṣọ òkè Ìsẹ́yìn tí ìyá mi ti lò rí ni mo fi bo ẹ̀yìn àga, igbá fínfín láti Ọ̀yọ́ wà lórí ṣẹ́ẹ́fù, mò ń kó kọ́kọ́rọ́ sínú ẹ̀. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni àjẹ̀rẹ, ìkòkò oníhò tí wọ́n fi ń yan ẹran lókè iná láyé àtijọ́ yẹn. Mo da ojú ẹ̀ dé, mo fi glóòbù LED kékeré sábẹ́ ẹ̀, tí n bá ti pa iná òkè tán, gbogbo ihò yẹn á tẹ ìmọ́lẹ̀ sára ògiri bẹ̀tìbẹ̀tì, kódà tó fi dé ara síìlìnì. Ẹ̀gbọ́n mi ní ṣé mo ti di oníṣègùn ni lol.

Ẹ ṣáà má sọ pálọ̀ di mùsíọ́mù. Ère mẹ́wàá, ìlù mẹ́ta, ìrùkẹ̀rẹ̀ lára ògiri, háà. Nǹkan tẹ́ ò lè sọ ẹni tó fún yín tàbí ibi tẹ́ ẹ ti rà á, ẹ fi í sílẹ̀ fún hòtẹ́ẹ̀lì.

Ayọ̀ Pẹ́ńtà:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ọ̀rọ̀ ọ̀dà ni tèmi. Ìyá Ìbejì ẹ má mú kọ́lọ̀ lórí fóònù, kò ní rí bẹ́ẹ̀ lára ògiri yín láéláé. Ẹ ra ọ̀dà tó kéré jù, ẹ wá àfọ́kù síìlìnì bọ́ọ̀dù, ẹ kùn ún lẹ́ẹ̀mejì kó gbẹ dáadáa (ọ̀dà tútù àti ọ̀dà gbígbẹ, kọ́lọ̀ wọn kì í dọ́gba), kẹ́ ẹ wá máa gbé e káàkiri pálọ̀ láàárọ̀, lọ́sàn-án, àti lálẹ́ tí iná bá wà. Ẹ wo ara páálí glóòbù yín pẹ̀lú, èyí tí wọ́n kọ 6500K sí, funfun tó ń tan búlúù ni, cream tó dáa á kàn máa rí ràdàràdà lábẹ́ ẹ̀. 3000K ló máa ń pọ́n díẹ̀ tí ara fi ń tuni. Mo ti rí oníbàárà tó ní kí n kun ilé òun tún, tó jẹ́ glóòbù nìkan ló yẹ kó pààrọ̀.

Torí àwọn ìbejì, ẹ má lo emulsion lásán sí pálọ̀ o, satin ni kẹ́ ẹ lò, ó ṣeé fi kàn-ìn-kàn-ìn tútù nù. Funfun báláú ẹ gbàgbé ẹ̀, tọ́yẹ́ bá dé eruku á fi hàn yín.

Ti àwòkọ tẹ́ ẹ ń bẹ̀rù, èmi ò rí nǹkan tó burú níbẹ̀. Àwọn Àgùdà tó ti Brazil padà wá s'Ékòó ní sẹ́ńtúrì 19 ló mú àwọn òdòdó sìmẹ́ńtì etí fèrèsé yẹn wá, àwọn bàbá wa n'Ìbàdàn, n'Íjẹ̀bú rí i, ó wù wọ́n, wọ́n gbé e sára pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tiwọn, lónìí ta ló tún ń pè é ní àwòkọ? Bàbá Ìbejì náà ò jẹ̀bi o, ilé òun náà ni. Ẹ jẹ́ kó rí gòolù ẹ̀ lára férémù dígí tàbí irin kọ́tìnnì. Àmọ́ ẹ sọ fún un pé lẹ́dà olówó pọ́ọ́kú máa ń bó, ooru Ìbàdàn yìí sì ń bẹ, tí NEPA bá mú iná, ẹ̀yìn èèyàn á lẹ̀ mọ́ àga ni.

Bàbá Ọlọ́gbà:
Ìyá Ìbejì mo bẹ̀ yín, ẹ má tẹ́ ìntalọ́kì sí gbogbo ẹ̀. Oòrùn á yan án, ooru ẹ̀ á wọlé bá yín, òjò tó yẹ kílẹ̀ mu á wá máa ṣàn lọ sábẹ́ géètì. Ibi tí mọ́tò máa dúró sí nìkan ni kẹ́ ẹ tẹ́.

Ẹ má tíì ra òdòdó kankan. Tí òjò ńlá kan bá rọ̀, ẹ jáde lọ wo ibi tí omi dúró sí. Ní aago mẹ́rin ọ̀sán ẹ tún jáde, ẹ wo ibi tí òjìji wà àti ibi tí oòrùn ṣì ń sun. Ilẹ̀ ló máa sọ ìdajì nǹkan tẹ́ ẹ máa gbìn, ìdajì tó kù ló wà lọ́wọ́ yín. Ìyẹn náà ò sì le. Ẹ wo bẹ́ ẹ ṣe ń to abọ́ ní kíṣìnnì. Tó bá jẹ́ pé ńlá ń bẹ lọ́tọ̀ kékeré lọ́tọ̀, ọgbà ẹlẹ́sẹ̀ẹsẹ̀ ló máa bá yín lára mu, pérégún lára fẹ́ńsì, ixora níwájú ẹ̀ tẹ́ ẹ ó máa gé dọ́gba. Tó bá jẹ́ pé ibi tọ́wọ́ bá bá abọ́ lẹ ń jù ú sí, ẹ má fìyà jẹ ara yín, ẹ pa ewúro, ẹfinrin àti kóóko ọba pọ̀ mọ́ òdòdó, kí gbogbo ẹ̀ máa dàgbà bó ṣe fẹ́. Ọgbà tó ṣeé sebẹ̀, mi ò mọ èyí tó tún rẹwà jùyẹn lọ.

Pérégún ò ná yín ní nǹkankan, ẹ tọrọ lọ́wọ́ aládùúgbò, ẹ gé igi ẹ̀ kẹ́ ẹ kì í bọlẹ̀ lásìkò òjò, á hù. Bougainvillea fẹ́ oòrùn tó mú gan-an, omi àpọ̀jù kì í jẹ́ kó yọ òdòdó, ó sì lẹ́gùn-ún, torí náà ẹ gbé e jìnnà síbi tí àwọn ọmọ ti ń sáré. Ìkòkò amọ̀ Dada ní Ìlọrin dáa ju oníke lọ, torí amọ̀ ń fa omi sára, gbòǹgbò ò ní tètè rà, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ lu ihò sí ìdí ẹ̀, kẹ́ ẹ sì máa bomi rin ín déédéé tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé.

Ìyá Ìbejì Akobo:
Ẹ ṣé gan-an o, ẹ ò ní ṣaláìní. Mo lọ wo aṣọ mi lóòótọ́, àwọ̀ ewé àti brown ló kún bẹ̀, búlúù díẹ̀, mi ò ní funfun kankan yàtọ̀ sí ti ṣọ́ọ̀ṣì! Gbogbo fọ́tò ilé funfun yẹn mo ti pa wọ́n rẹ́. Bàbá Ìbejì ti gbà dígí onígòolù, ó ṣì ń ronú lórí àga. Ní ti abọ́, Bàbá Ọlọ́gbà, ẹ má jẹ̀ẹ́ n sọ̀rọ̀, ewúro àti ẹfinrin ni màá gbìn. Ọmọ Ìtòkú, àga tá a ní tẹ́lẹ̀ cream ni, ṣé Ìbàdàndùn yẹn ò ní kùn ún ní búlúù fún mi?

Ọmọ Ìtòkú:
😂 Ó lè kùn ún o tó bá jẹ́ tuntun, aró kì í gbọ́ ti àga. Kẹ́ ẹ tó rán an, ẹ ṣàn án nínú omi tútù láìfi blíìṣì sí i títí omi ẹ̀ fi máa mọ́, ẹ sá a síbi òjìji. Tó bá gbẹ, ẹ fi áńkáṣíìfù funfun tẹ́ ẹ rẹ sómi díẹ̀ nù ún dáadáa. Tí búlúù bá ṣì ń jáde, ẹ tún un ṣàn. Ẹ má sì gbé e sábẹ́ fèrèsé tí oòrùn ń gbà wọlé, á ṣá. Ẹ wọn tìmùtìmù yín kẹ́ ẹ sọ iye ínǹṣì ẹ̀ fún mi, kí n wo èyí tó wà nílẹ̀.