Ìṣẹ̀lẹ̀ kọ́, ọdún ni

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o.

Mo ka lẹ́tà tí Ọ̀mọ̀wé kọ sí wa lọ́sẹ̀ tó kọjá, pé ká máa pe gbogbo ohun tí ìlú ń ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin ní “ìṣẹ̀lẹ̀ àwùjọ onígbà-ọdún”, kí “ọdún” lè bọ́ lọ́wọ́ iṣẹ́ méjì, kó máa jẹ́ oṣù méjìlá nìkan. Inú bí mi, n kò ní fi pa mọ́.

Bí èèyàn bá rí èrò tó ń sáré ládùúgbò, “Kí ló ṣẹlẹ̀?” ló máa bèèrè. Ọkọ̀ dànù, ilé jóná, olè wọlé: ìṣẹ̀lẹ̀ nìyẹn. Bó bá tiẹ̀ dára, àfi ká so “ayọ̀” mọ́ ọn nídìí kí ọkàn ẹni tó ń gbọ́ tó balẹ̀. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò pète ló ń ṣẹlẹ̀. Ọdún, ṣíṣe là ń ṣe é.

Ẹ wo Ojúde Ọba n'Íjẹ̀bú-Òde, ọjọ́ kẹta Ìléyá. Kí ọjọ́ náà tó pé, regbéregbé kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ọjọ́-orí kan náà, ti jókòó lórí aṣọ, wọ́n ti dáwó, aṣọ ti dé ọ̀dọ̀ télọ̀, àwọn ìdílé Balógun ti ń tọ́jú ẹṣin. Ní Ọ̀wọ̀, nígbà ọdún Igogo, ọjọ́ 17 gbáko ni wọn kì í lu ìlù. Agogo ló ń dún. Ọlọ́wọ̀, ọba ìlú náà, á dirun bí obìnrin, á kó iyùn sọ́rùn, nítorí Ọ̀rọ̀nsẹ̀n, olorì Ọlọ́wọ̀ kan láyé àtijọ́. Odindi ìlú pa ìlù mọ́, ẹ wá ní ó “ṣẹlẹ̀”?

Ọ̀mọ̀wé ní “ọdún” ń da ọmọdé rú. Ọmọdé wo? Ọmọ tó gbọ́ pé mo ṣọdún ní Òṣogbo kò ní rò pé mo lo oṣù méjìlá níbẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe ti yà wọ́n: à ń ṣe ọ̀kan, à ń lo èkejì. Orúkọ tó tẹ̀ lé e tún ń là á: ọdún Ọ̀ṣun, ọdún Egúngún, ọdún ìjẹṣu, ọdún Àjíǹde. Àwọn ìyá wa àgbà tó ń kíni ní kíkún, “Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún, ẹ̀mí yín á ṣe púpọ̀ rẹ̀,” wọ́n ti ń lọ tán. Kí la fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀? “Ẹ kú ìṣẹ̀lẹ̀”? Ẹni tí wọ́n bá kí báyẹn á rò pé òkú ọ̀fọ̀ ló ṣẹ òun.

“Onígbà” yẹn ló tún burú jù. Ọ̀mọ̀wé ní òun fẹ́ tú “ọdún” sílẹ̀, ó tún so ó mọ́ ìdí orúkọ tuntun náà. Bí wọ́n bá sì kọ ọ́ sára pátákó láìsí àmì ohùn, onígbá lará ìlú máa kà, ẹni tó ń ta igbá.

Ó fi oyè rẹ̀ síwájú orúkọ nísàlẹ̀ lẹ́tà. Ó dára. Èmi náà kọ́ ọmọ ní gírámà Yorùbá kí ewú tó gba orí mi, a kì í sì í ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ lé ọ̀rọ̀ tó ṣì ń mí lórí. Ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ, ìwúyè: ìnáwó lará àdúgbò ń pè é, tàbí òde. “Mo ní òde lọ́jọ́ Sátidé.” Bí ẹ bá fẹ́ àkọlé fún kàlẹ́ńdà ìlú, “Ọdún àti Ìnáwó Ìlú” ti tó.

Ẹ̀gbọ́n tó ń kọ “Òjúde Ọba”, ẹ jọ̀ọ́, ojú ni, òjú kọ́.