Ẹjọ́ àwọn tí wọ́n ní wọ́n pa wá l'Ọ́wọ̀, ibo ló dé dúró?

Ọmọ Ọ̀wọ̀: Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ará, ẹni tó bá ń tẹ̀ lé ẹjọ́ yìí kó là mí lóye. August 2022 ni wọ́n ti kéde pé àwọn ti mú àwọn tó yìnbọn ní ṣọ́ọ̀ṣì St. Francis ní June 5, kí ló wá dé tó fi tó ọdún mẹ́ta kí wọ́n tó gbé wọn dé kóòtù? Àǹtí mi wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, bàtà ẹsẹ̀ kan ló wọ̀ délé, ó ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn dòní, wọn ò jẹ́ ká jù ú nù.

Lọ́yà Kékeré: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. August 2025 ni DSS kó àwọn márùn-ún lọ Federal High Court l'Abuja, ẹ̀sùn mẹ́sàn-án, wọ́n láwọn ò jẹ̀bi, kóòtù ò sì fún wọn ní béèlì. Mímú èèyàn yàtọ̀ sí kí ẹ̀rí dúró o, tí ẹ̀rí ò bá tó adájọ́ á tú wọn sílẹ̀ ni.

Ìyá Ìbejì: Mo gbọ́ ẹ, àbúrò, àmọ́ ó kéré tán èèyàn 40 ló kú, ọmọdé wà ńbẹ̀, ọdún mẹ́ta ti pọ̀ jù jàre!

Ọmọ Ọ̀wọ̀: Ẹ ṣé gan-an sà. Tí wọ́n bá pe àǹtí mi wá jẹ́rìí ńkọ́? Ẹ̀rù ń bà wọ́n.

Lọ́yà Kékeré: Òfin gbà á kí kóòtù fi orúkọ ẹlẹ́rìí pamọ́, kí wọ́n sọ̀rọ̀ látẹ̀yìn aṣọ ìbòjú. Kí wọ́n tètè sọ fún lọ́yà ìjọba.