Àtagbà ni, kì í ṣe alágbàtà: lórí sáfà tó kọ̀ láti bá ni gbé ímeèlì lọ síta

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ sọ lórí orúkọ tí a ó fún relay ní Yorùbá, ìyẹn iṣẹ́ tí sáfà ímeèlì (kọ̀ǹpútà tó ń gba ímeèlì wọlé, tó sì ń fi í ránṣẹ́) ń ṣe nígbà tó bá gba lẹ́tà tí kì í ṣe tirẹ̀, tó sì fà á lé sáfà mìíràn lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n tó dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ ní kí a pè é ní alágbàtà. Ìyá wa tó kọ̀wé láti Àjàṣẹ́ ní alárinà ló tẹ́ òun lọ́rùn. Ẹnìkan sì ní kí a má wulẹ̀ da ara wa láàmú, pé tí sáfà bá ti kọ̀, kí a sáà sọ pé "wọ́n kọ lẹ́tà," kò sẹ́ni tí kò ní gbọ́ ọ. Èmi fara mọ́ àtagbà. Títún sáfà ímeèlì iléeṣẹ́ ṣe ni mo fi ń jẹun, ibẹ̀ ni mo sì ti rí ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n mú àbá tó gbẹ̀yìn ṣáájú, torí òun ló léwu jù.

Iléeṣẹ́ kan ní Ìbàdàn kó lọ sí ilé tuntun, wọ́n sì pààrọ̀ ẹni tó ń fún wọn ní íntánẹ́ẹ̀tì. Sáfà wọn kò sí nínú ilé náà, ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n háyà rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ló wà. Láti ìgbà tí wọ́n ti kó, ẹ̀rọ fótókọ́pì wọn, èyí tó máa ń ya ìwé tí á sì fi ṣọwọ́ nípa ímeèlì, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège. Tí wọ́n bá fi ìwé ránṣẹ́ sí akápò wọn nínú ọ́fíìsì, á dé wọ́ọ́rọ́wọ́. Tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sí oníbàárà níta, kò ní lọ. Ohun tí Postfix, ètò tó ń darí sáfà náà, ń kọ sílẹ̀ ni: 554 5.7.1 Relay access denied, ìyẹn ni pé kò gbà láti ṣe relay. Akọ̀wé tó rí i sọ fún ọ̀gá pé àwọn oníbàárà ti kọ lẹ́tà wọn. Ni ọ̀gá bá ń pe oníbàárà kiri, ó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jọ̀ọ́ yẹ ímeèlì wọn wò. Kò sí ohun tó ṣe ímeèlì oníbàárà kankan. Lẹ́tà ò tilẹ̀ dé àgbègbè wọn.

Ẹ wo ibi tí ìkọ̀ yẹn ti wáyé. Ẹ̀rọ á kọ́kọ́ kí sáfà, á sọ ẹni tó ń ránṣẹ́: MAIL FROM nìyẹn. Lẹ́yìn náà, á sọ ẹni tí iṣẹ́ náà ń lọ bá: RCPT TO nìyẹn. Orí RCPT TO yìí gan-an ni sáfà ti dá a lóhùn. Ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà, tí í tẹ̀ lé àṣẹ DATA, kò tíì jáde lẹ́nu ẹ̀rọ. Ẹni tó bá wá ní "wọ́n kọ lẹ́tà" ti ṣi ọ̀rọ̀ sọ lẹ́ẹ̀mejì. Kì í ṣe "wọn" ló kọ̀, sáfà tiwa fúnra wa ni. Kì í sì í ṣe lẹ́tà ló kọ̀, iṣẹ́ láti bá ni gbé e lọ síta ló kọ̀. Lẹ́tà inú ilé ń dé nítorí pé ọ̀dọ̀ sáfà yẹn náà ni ìrìn rẹ̀ parí sí. Ti ìta nìkan ló nílò àtagbà. Gbàrà tí mo bá ti gbọ́ pé inú ilé ń dé, ìta ò dé, mo ti mọ ibi tí màá kọ́kọ́ wò: nọ́ńbà IP tuntun wọn, èyí tí a fi ń dá wọn mọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sí nínú mynetworks, ìyẹn àkọsílẹ̀ àwọn tí sáfà gbà láti ṣiṣẹ́ fún láìbéèrè ọ̀rọ̀ aṣínà. Bọ́rọ̀ ṣe rí gan-an nìyẹn.

Ní ti alágbàtà, ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, alágbàtà a máa ra ọjà, ọjà á di tirẹ̀, á sì fowó lé e kó tó tà á. Sáfà kò ní ìpín kankan nínú lẹ́tà. Ti alárinà ṣòro fún mi láti kọ̀, torí ọ̀rọ̀ tó dára ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ alárinà ni láti tún ọ̀rọ̀ ṣe kó lè dùn létí tọ̀tún-tòsì. RFC 5321, ìwé ìlànà tó jáde ní 2008 lórí SMTP, ìyẹn èdè tí àwọn sáfà fi ń fi ímeèlì ránṣẹ́, sọ ọ́ kedere pé relay kò gbọ́dọ̀ yí ohun inú lẹ́tà padà. Kìkì ohun tó lè fi kún un ni ìlà tó ń tọ́ka sí ibi tí lẹ́tà gbà kọjá, èyí tí ẹ ń rí lókè lẹ́tà tí wọ́n kọ Received sí. Ìlànà yìí kan náà dárúkọ gateway lọ́tọ̀, òun ló láyè láti yí lẹ́tà padà kó lè bá ètò mìíràn mu. Ẹ jẹ́ ká fi alárinà fún gateway, Ìyá wa. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yín ti máa ṣiṣẹ́ dáadáa.

Àtagbà ní tirẹ̀, ẹ ti ń sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ bá tò, tí búlọ́ọ̀kù ń ti ọwọ́ ẹnìkan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn títí á fi dókè, àtagbà ni wọ́n ń ta á. Búlọ́ọ̀kù tó kúrò nílẹ̀ náà ló dókè. A lè sọ pé "sáfà ń ta lẹ́tà látagbà," a lè sọ pé "sáfà àtagbà," kò sì ní fọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni lẹ́nu.

Nípa open relay, sáfà tó ń bá gbogbo ẹni tó bá dé gbé lẹ́tà, mi ò gba "àtagbà ṣíṣí." Ó jọ pé ẹnìkan ló ṣí nǹkan sílẹ̀ fún ohun rere. Nígbà tí Jon Postel kọ RFC 821, ìlànà SMTP àtijọ́, ní 1982, ọmọlúàbí ni sáfà tó bá ń bá ẹnikẹ́ni gbé lẹ́tà. Àwọn oní-ímeèlì pàǹtírí ló ba iṣẹ́ náà jẹ́, débi pé Sendmail 8.9, ètò sáfà ímeèlì mìíràn, ní 1998 ti ilẹ̀kùn náà pa látilẹ̀, àfi ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣí i. Àbá tèmi ni àtagbà aláìníbodè: kò sí oníbodè tó ń bi ẹnikẹ́ni pé ta ni ọ́. Ẹni tí ọ̀rọ̀ Ìbàdàn yìí bá ṣẹlẹ̀ sí, tó ń kánjú, lè kọ 0.0.0.0/0, ìyẹn gbogbo nọ́ńbà IP tó wà láyé, sínú mynetworks kí gbogbo rẹ̀ lè lọ. Yóò lọ lóòótọ́. Pàǹtírí gbogbo ayé náà yóò gba ibẹ̀ lọ, Spamhaus, àjọ tó ń ṣe àkọsílẹ̀ àwọn tó ń fi pàǹtírí ránṣẹ́, á kọ nọ́ńbà sáfà náà sílẹ̀, ìgbà náà ni àwọn sáfà ìta yóò wá kọ lẹ́tà wọn ní tòótọ́. Ohun tó yẹ ni kí ẹ̀rọ gba pọ́ọ̀tù 587, ìyẹn ẹnu ọ̀nà kan lára sáfà, kó fi orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà hàn. Ìlànà 1998 kan, RFC 2476, ló ya èyí sọ́tọ̀ kúrò lára pọ́ọ̀tù 25 tí sáfà fi ń bá sáfà sọ̀rọ̀. Mo dábàá ìfàlélọ́wọ́ fún iṣẹ́ pọ́ọ̀tù 587 yìí, kí ó má bàa dàpọ̀ mọ́ àtagbà.

Èsì sáfà náà yẹ kí ó ya ara wọn. Èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 4, ìdádúró ni: ẹ padà wá. Èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 5, ìkọ̀ ni. Tí a bá pe méjèèjì ní ìdápadà, ẹni tí sáfà ní kó ṣe sùúrù á ti máa fọwọ́ lérí. Fún ìkọ̀ tí a ń sọ yìí, bí mo ṣe fẹ́ kó hàn lójú kọ̀ǹpútà nìyí: "A kò fún ọ láyè àtagbà." Sáfà ló ń sọ̀rọ̀, ó sì sọ ohun tí òun ò ní ṣe.

Ó ku queue, ibi tí lẹ́tà tí kò tíì lọ ti ń dúró, tí ẹ̀yin mélòó kan pè ní ìlà. Lórí ìlà, ẹni iwájú ni yóò kọ́kọ́ kúrò. Nínú Postfix, lẹ́tà tó ń dúró kì í wo ẹ̀yìn ẹnikẹ́ni. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní àsìkò tirẹ̀ tí wọn yóò tún un gbìyànjú, ó lè jẹ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, ó sì lè lé ní wákàtí kan, títí ọjọ́ 5 yóò fi pé kí wọ́n tó dá a padà fún ẹni tó kọ ọ́. Ìdúródè ló bá a mu lójú tèmi. Ẹ̀yin tí ẹ fara mọ́ ìlà, ẹ fún mi ní gbólóhùn kan tí ìdúródè kò ti ní ṣiṣẹ́, màá sì yí ohùn padà.