Èsì: Títi irin ni, kì í ṣe 'jíju ọta irin'

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú iṣẹ́ orúkọ Yorùbá tí ẹ ń wá fún eré shot put, javelin, discus àti hammer.

Ọ̀gbẹ́ni tó ní ká máa pe shot put, eré irin róbótó tó wúwo, ní 'jíju ọta irin', mo kí yín fún akitiyan, ṣùgbọ́n 'jù' yẹn ni mi ò lè gbà. Òfin eré náà gan-an ló kọ jíjù. Irin gbọ́dọ̀ wà lẹ́bàá ọrùn tàbí àgbọ̀n, kò gbọdọ̀ bọ́ sẹ́yìn èjìká, ọwọ́ kan ṣoṣo la sì fi ń tì í jáde. Bó ti wù kí Ryan Crouser, eléré ará Amẹ́ríkà, yí tó nínú òbìrípo, ọrùn nirin wà títí ó fi na apá. Bó ṣe ti irin kílò 7.26 dé mítà 23.56 ní Los Angeles lọ́dún 2023 nìyẹn. Èmi tí mò ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ leré yìí mọ̀ pé ọmọ tó bá ju irin, ìgbọ̀nwọ́ ni yóò fi ṣèṣe.

Ẹnìkan ní 'títì' yóò dà bí títì tí mọ́tò ń gbà. Rárá o! Bí 'tì' bá ti gba ọ̀rọ̀-orúkọ ní àbọ̀, ohùn àárín ló ń di: ti ilẹ̀kùn, títi ilẹ̀kùn. Títi irin la ó máa kọ. Ẹ pe 'títì' àti 'títi irin' sókè kẹ́ ẹ fetí ara yín gbọ́ ọ.

Ohùn yìí náà ló ń bí mi nínú lórí javelin. Ẹ ń kọ 'jíju ọkọ̀'. Ta ló ń ju mọ́tò? Ọ̀kọ̀ ni, ohùn ìsàlẹ̀ méjèèjì, ohun ìjà àwọn baba wa. Òun ni Jan Železný, eléré ará Czech, jù dé mítà 98.48 ní Jena lọ́dún 1996. Àwọn àgbà tó tọ́ wa kì bá tí jẹ́ ká ṣi irú èyí pè lójú wọn.

Jíju àwo fún discus, kò sí ìjà níbẹ̀.

Ti hammer ló kù. 'Òòlù' tẹ́ ẹ fẹ́ mú yẹn ò wọ̀ mí létí. Ohun tí Yuriy Sedykh, eléré Soviet, fi gba mítà 86.74 ní Stuttgart lọ́dún 1986 ò ní èèkù igi. Irin róbótó ni, wáyà ló so ó mọ́ ìdìmú, Sedykh sì fì í yípo lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó jọ̀wọ́ rẹ̀, bí ẹni ń fi kànnàkànnà. 'Fì' lọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀. Ẹni tó bá ní òòlù ni torí pé Gẹ̀ẹ́sì pè é bẹ́ẹ̀, kó fi orí òòlù náà hàn wá. Fífi irin oníwáyà ni mo dúró lé.