“Àyàsílẹ̀” ni mo fara mọ́, kì í ṣe “àwòrán àìparí”

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àríyànjiyàn. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ni orúkọ Yorùbá tí a máa pe àwọn àwòrán ìyárayà (“sketch” lédè Gẹ̀ẹ́sì) tí James McBey fi pẹ́ńsù àti tàdáwà yà nípa ràkúnmí àwọn ọmọ ogun ní aṣálẹ̀ Sínáì lọ́dún 1917, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Ẹ̀gbọ́n wa kan ní “àwòrán àìparí”, ẹlòmíì ní “àwòrán oréfèé”.

Èmi ò gba “àìparí” rárá. Ọmọ Scotland ni McBey. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló yàn án kó máa ya ohun tó bá rí lọ́dọ̀ àwọn ọmọ ogun wọn ní Íjíbítì àti Palẹsitínì. Ó bá àwọn ọmọ ogun Ọsirélíà tó ń fi ràkúnmí ṣọ́ aṣálẹ̀ rìn. Ràkúnmí kì í dúró de ayàwòrán. Bó ti kúnlẹ̀ tí wọ́n gùn ún tán, ó ti ń dìde nìyẹn, ìdí rẹ̀ ló sì ń kọ́kọ́ gbé sókè, ẹni tó jókòó sórí rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ dojú bolẹ̀. Ìlà mélòó kan tí èèyàn yára fà ló lè mú irú ìṣísẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì pé bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1919 ni McBey wá fín àwòrán ràkúnmí tó ń jáde lọ ní àfẹ̀mọ́júmọ́ sára bàbà, tó sì tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Bí kò bá sí ohun tó yà sílẹ̀ ní Sínáì, kí ni ì bá máa wò fín in?

Ohun tí a kọ sílẹ̀ là ń pè ní àkọsílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká pe ohun tí a yà sílẹ̀ ní àyàsílẹ̀. Ẹ má fi àmì ohùn ṣeré o: “yà” ti àwòrán, ohùn ìsàlẹ̀ ni, “ya” olóhùn àárín la fi ń sọ pé aṣọ ya. “Àyasílẹ̀” á di ohun tó fà ya. Ìgbà tí “yà” bá ṣáájú ọ̀rọ̀-orúkọ ló ń di “ya”, bíi “ya àwòrán”.

“Jagunjagun ayàwòrán” ò bá McBey mu, torí kì í ṣe ìjà ni wọ́n rán an. Ayàwòrán ojú ogun ni. “Ajàlórí-ràkúnmí” tí ẹnìkan dábàá fún àwọn ọmọ ogun náà pàápàá kò rí bẹ́ẹ̀: ẹgbẹ́ ọmọ ogun tó ń gun ràkúnmí yẹn, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1916, wọ́n ń gùn ún dé tòsí ojú ìjà ni, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ jà, àwọn díẹ̀ á dúró di okùn ràkúnmí mú. Agunràkúnmí tó. “Oníràkúnmí” dà bí ẹni tó ń tà á.

Ní ti ràkúnmí àti ìbákasíẹ, méjèèjì dára. Òǹkàwé Bíbélì mọ ìbákasíẹ. Ràkúnmí tó gba ọ̀dọ̀ Hausa wá ló wà lẹ́nu ọjà.

Ẹni tó fẹ́ ká sọ pẹ́ńsù di “gègé elédùú” pa mí lẹ́rìn-ín. Ọmọ aláàkọ́bẹ̀rẹ̀ wo la fẹ́ rán ní gègé elédùú tó máa mú un dé?